Ẹ Jẹ́ Kí Ọ̀rọ̀ Ojú Ọjọ́ Wọ Ìpàdé Wa: Lẹ́tà Ṣíṣí Sí Ẹgbẹ́ Onílé àti Ayálégbé Àdúgbò

Alága wa, akọ̀wé, akápò, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin àbúrò,

Ẹ kú iṣẹ́ àdúgbò, ẹ kú àfaradà. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń gba owó nínú ẹgbẹ́ yìí. Àkókò tó yẹ kí ẹ fi sinmi lẹ ń fi sílẹ̀ fún wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara balẹ̀ kọ lẹ́tà yìí, tí mi ò jẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ orí ìdúró.

Níbi ìpàdé tó kọjá, mo dìde, mo ní kí a fi ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà kún ohun tí a ó máa jíròrò. Ọ̀rọ̀ náà kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹnìkan ní ọ̀rọ̀ àwọn ààrẹ nìyẹn. Ẹlòmíì ní àwọn ilé iṣẹ́ elépo ló ba ayé jẹ́, kí wọ́n lọ tún un ṣe. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ iná ojú títì. Mo jókòó. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jà mí lọ́kàn. Ohun tí mi ò ráyè sọ tán lẹ́nu ni mo wá kọ sílẹ̀, kí ẹni tí kò wá sípàdé náà lè kà á.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri ilé mi. Ilé tí mò ń gbé ló kángun sí gọ́tà ńlá. Lálẹ́ ọjọ́ tí omi kọ́kọ́ wọlé, nígbà tí òjò dá, mo mú ṣọ́ọ̀kì ọmọ mi, mo fa ìlà síbi tí omi dé lára ògiri, mo sì kọ ọjọ́ sí i. Ọrùn ẹsẹ̀ ni ìlà yẹn bá mi. Ìlà kejì bá mi ní agbede ojúgun. Ìlà kẹta bá mi ní orúnkún, òun ló sì dẹ́rù bà mí jù, nítorí òjò ọjọ́ náà kò pẹ́ rárá. Kò tó wákàtí kan. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn bá da odidi àgbá omi nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ mi jókòó sórí tábìlì, ó gbá àpò ìwé rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń bi mí bóyá omi náà ṣì máa gòkè sí i. Mi ò rí èsì tí mo lè fún un tí kò ní jẹ́ irọ́.

Mo lọ kà nípa rẹ̀, mo sì bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Afẹ́fẹ́ tó gbóná máa ń gba omi sára ju èyí tó tutù lọ. Bí ooru bá fi dígírì 1 lé sí i, afẹ́fẹ́ á lè gbé omi tó fi bí ìdá 7 nínú 100 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi yẹn náà ló ń já lulẹ̀ nígbà tí òjò bá rọ̀. Ohun tó sì ń mú ayé gbóná kò fara sin mọ́. Kí àwọn ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó èédú nínú ẹ̀rọ, tí epo rọ̀bì àti gáàsì fi tẹ̀ lé e, bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, carbon dioxide, èéfín tó ń jáde nígbà tí wọ́n bá jó wọn, kò ju bí ọ̀nà 280 lọ nínú rẹ̀. Ní báyìí, ó ti kọjá 420. Ó wà lókè bí aṣọ tó nípọn, kì í jẹ́ kí ooru ayé jáde. Ọdún 2024 ni ọdún tó gbóná jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọn ooru ayé. Ó fi bíi dígírì 1.55 ju bó ṣe rí láàárín ọdún 1850 sí 1900 lọ. Òjò ayé àtijọ́ ni wọ́n fi wọn gọ́tà wa nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Òjò tìsinsìnyí ló ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Mi ò sọ pé ojú ọjọ́ nìkan ló fà á o. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé mo ń ṣàbùmọ́. Àwa náà ń da ìdọ̀tí sínú gọ́tà yẹn. Mo ti fọwọ́ ara mi kó ike àti ọ̀rá kúrò níbẹ̀. A sì ti da kọnkéré bo gbogbo ojúlé wa, débi tí ilẹ̀ kò rí ibi tí yóò ti mu omi mọ́. Òjò tó pọ̀ sí i, gọ́tà tó dí, ilẹ̀ tí a bò pa: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló para pọ̀ wọ yàrá mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Méjì nínú rẹ̀, ọwọ́ wa ló wà. Ẹ̀kẹta náà, a ní ohùn níbẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Àwa la sì pe ara wa ní ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé.

Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ àwọn ààrẹ ni kò parọ́. Lọ́dún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Paris pé àwọn ò ní jẹ́ kí ooru ayé fi dígírì 2 ju ti àtijọ́ lọ, àwọn á sì sa gbogbo ipá kó má kọjá 1.5. Ṣùgbọ́n ààrẹ wo ló máa wá pinnu ibi tí gọ́tà wa máa gbà? Ta ló ń fọwọ́ sí i kí wọ́n gé igi? Ta ló ń pinnu ibi tí wọ́n á kó ìdọ̀tí dà sí, bóyá bọ́ọ̀sì á dé ìkóríta wa, bóyá òrùlé ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wa á gba sólà? Káńsù ni. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù sì máa ń gbọ́ ohùn ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ wọn. A kì í lọ. Mo ti bá wọn jókòó lẹ́ẹ̀kan níbi tí wọ́n ti pe gbogbo aráàlú wá gbọ́ ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀. Àga pọ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n àwa tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ kò pé mẹ́wàá. Ọkùnrin kan dìde, ó sọ̀rọ̀ nípa títì iwájú ilé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ń wo báírò tó ń lọ lórí ìwé. Mi ò lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kankan, torí mi ò mọ̀ pé wọ́n á gbà kí n sọ̀rọ̀.

Ní ìlú Porto Alegre lórílẹ̀-èdè Brazil, láti ọdún 1989 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ará àdúgbò wá síbi tí wọ́n ti ń pín owó ìlú. Àwọn tó ń gbé níbi tí omi ẹ̀rọ àti gọ́tà kò dé ló ń dìde sọ ohun tó yẹ kó ṣáájú, tí wọ́n sì ń dìbò lé e. Owó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dé ibi tí kì í dé tẹ́lẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ètò náà ti ràn dé ọ̀pọ̀ ìlú káàkiri ayé. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo káńsù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, káńsù tó bá ń ṣètò ìnáwó lọ́dọọdún ní àsìkò kan tí ìwé náà ṣì wà ní ṣíṣí, tí ọ̀rọ̀ wa ṣì lè wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i tán, ìráhùn nìkan ló kù fún wa. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká mọ àsìkò yẹn.

Ní ti àwọn tó ní ilé iṣẹ́ elépo ló bà á jẹ́, òótọ́ ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú èéfín náà, inú èédú, epo àti gáàsì ló ti wá, bí iná èmi nìkan bá sì kú lálẹ́, kò lè dí i. Mi ò wá síbí láti sọ fún ẹni tí kò ní púpọ̀ pé òun ló ń ba ayé jẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni ńlá tó tún ohun tó bàjẹ́ ṣe láìjẹ́ pé àwọn kan lọ ká a mọ́ ibi tó wà. Ní Netherlands, aráàlú 886 dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Urgenda, wọ́n pe ìjọba wọn lẹ́jọ́ pé kò ṣe tó lórí ojú ọjọ́. Wọ́n jàre lọ́dún 2015. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ fọwọ́ sí i pé dandan ni kí ìjọba dín èéfín kù ní ó kéré tán ìdá 25 nínú 100 sí ti ọdún 1990, kí ọdún 2020 tó parí. Ní Switzerland, àwọn ìyá àgbà ni. Wọ́n lé ní 2,000, wọ́n ní ooru tó ń le sí i ń fi ẹ̀mí àwọn wéwu, wọ́n sì jàre níwájú ilé ẹjọ́ Yúróòpù tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ọjọ́ orí yín, mo fi èyí ránṣẹ́ sí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ńkọ́? Lọ́dún 2019, akẹ́kọ̀ọ́ òfin 27 láti àwọn erékùṣù Pàsífíìkì ló jókòó sí kíláàsì, tí wọ́n ní ó yẹ kí ilé ẹjọ́ àgbáyé sọ ojúṣe àwọn ìjọba lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ìjọba Vanuatu, orílẹ̀-èdè kan lára àwọn erékùṣù náà, gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí i lọ́dún 2023, ilé ẹjọ́ náà sì sọ ọ́ ní oṣù Keje ọdún 2025 pé ojúṣe lábẹ́ òfin ni.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù láti máa rántí ni Wangari Maathai ará Kenya. Igi 7 péré ló fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1977. Ẹgbẹ́ Green Belt tó dá sílẹ̀ wá gbin ọ̀kẹ́ àìmọye, ó sì gba ẹ̀bùn àlàáfíà ti Nobel lọ́dún 2004. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni ohun tó ṣe lọ́dún 1989. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé alájà 60 sínú Uhuru Park, pápá tí àwọn ará Nairobi ti ń gba atẹ́gùn. Ó kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì kan, ó kọ sí òmíì, ó kọ sí àwọn ará òkèèrè tó fẹ́ mú owó wá. Wọ́n bú u ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Wọ́n lé ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì tí wọ́n ń lò. Ó ń kọ lẹ́tà lọ. Nígbà tó yá, àwọn olówó fà sẹ́yìn, wọ́n sì pa iṣẹ́ náà tì. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi yín ohun tí lẹ́tà lè ṣe, ẹ sọ ìtàn pápá yẹn fún un.

Èyí mú mi dé orí igi tiwa. Gbogbo wa la mọ igi ńlá ìkóríta, èyí tí wọ́n gé kí mọ́tò lè ríbi dúró sí. Kò sẹ́ni tó bi wá, àwa náà kò sì bi ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà kan máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ mọ ẹni tí mò ń sọ. Kò jáde mọ́ báyìí. Mo yà kí i lọ́jọ́ kan tí oòrùn ti wọ̀ tipẹ́, mo gbé ọwọ́ lé ògiri yàrá rẹ̀, ó ṣì gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun kì í sùn títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Igi kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Yàtọ̀ sí ibòòji, omi tí gbòǹgbò ń fà gba inú ewé jáde, ó sì ń mú afẹ́fẹ́ tutù. Títì ọlọ́dà àti kọnkéré ń gba ooru sára lọ́sàn-án, wọ́n sì ń tú u lé wa lórí lóru.

Ooru ń pa ènìyàn láì pariwo. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2003, ó pa ènìyàn tó lé ní 70,000 ní Yúróòpù, àwọn àgbà ló sì pọ̀ jù. Ní Chicago, ní oṣù Keje ọdún 1995, ó pa ènìyàn tó lé ní 700 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn nìkan ló wà nínú yàrá, fèrèsé wọn wà ní títì. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ rí i pé àdúgbò méjì lè jọ tálákà bákan náà, kí ikú pọ̀ ní ọ̀kan ju èkejì lọ. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń jáde síta, tí wọ́n mọ ara wọn, tí ẹnìkan lè kíyè sí i pé òun ò rí ẹnìkan láti àná, ibẹ̀ ni ikú ti kéré. Kò sí ilé iṣẹ́ elépo tó lè bá wa ṣe ìyẹn. Kò sí ààrẹ tó máa wá kan ilẹ̀kùn ìyá yẹn.

Bangladesh ló kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ yìí jù. Ìjì líle tó jà níbẹ̀ lọ́dún 1970 pa ó kéré tán 300,000 ènìyàn. Lẹ́yìn rẹ̀, lọ́dún 1972, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni sílẹ̀, àwọn ará abúlé fúnra wọn, tí wọ́n lé ní 70,000 lónìí. Bí ìkìlọ̀ bá ti dé, wọ́n á gbé àsíá sókè, wọ́n á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n á máa lọ láti ilé dé ilé, wọ́n á gbé arúgbó lọ síbi ààbò. Nígbà tí ìjì Amphan jà lọ́dún 2020, àwọn tí wọ́n kó kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì, àwọn tó kú kò sì tó 50. Àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn yẹn náà ń jà fún ojú ọjọ́, bí wọn ò tiẹ̀ gbé pátákó rí.

Alága, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ fún ọ̀rọ̀ yìí ní ìdajì wákàtí ní gbogbo ìpàdé, kí ó sì wà nínú àkọsílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yan ohun kan ṣoṣo tí a ó lọ bá káńsù sọ lọ́dún yìí, kì í ṣe mẹ́wàá. Lójú tèmi, gọ́tà ni: kí wọ́n fẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì fi òjò tó ń rọ̀ báyìí wọn ọ́n. Bí ẹ bá ní igi ni, mo fara mọ́ ọn. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí a jọ sọ ohun kan náà, kí a sì padà lọ bí wọn ò bá dáhùn. Òṣìṣẹ́ káńsù tó bá rí ènìyàn kan lẹ́ẹ̀kan lè gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá rí ènìyàn ogójì lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n mú ìwé kan náà lọ́wọ́, á wá fáìlì jáde.

Ìwé yẹn náà la nílò. Kí olúkúlùkù tí omi bá wọlé rẹ̀ fa ìlà sí ògiri, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó kọ ọjọ́ àti wákàtí tí òjò fi rọ̀. Ẹ bá mi kó o jọ. Káńsù lè sọ pé a ń ṣàròyé, ṣùgbọ́n ìlà ogún lára ògiri ogún, tí ọjọ́ wọn bára mu, kì í ṣe àròyé mọ́. Bí òfin ibi tí a wà bá fún aráàlú láyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, ẹ jẹ́ ká béèrè àwòrán gọ́tà náà àti iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹ̀tọ́ ni, a kì í tọrọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, n ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Èèpo àti àjẹkù tí a ń dì pọ̀ mọ́ ike, bó bá dé ààtàn ńlá tí wọ́n kó òmíì lé e lórí, tí atẹ́gùn kò dé ibẹ̀ mọ́, á rà, á sì máa tú gáàsì methane jáde. Láàárín ogún ọdún, agbára methane láti mú ayé gbóná ju ti carbon dioxide lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 80. Bí a bá yà á sọ́tọ̀ tí a sọ ọ́ di ajílẹ̀ fún igi tí a fẹ́ gbìn, ìdọ̀tí inú gọ́tà á dín kù pẹ̀lú. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ti sọ fún mi pé àwọn á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé kan tí oòrùn kò pọ̀ sí nìkan ni wọ́n ń wá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan láàárín wa fẹ́ ká gbé pátákó jáde sí títì, àwọn kan sì ń bẹ̀rù ìyẹn. Ìbẹ̀rù yẹn ní ìdí. Ní Honduras, wọ́n pa Berta Cáceres nínú ilé ní oṣù Kẹta ọdún 2016, nítorí pé ó kọ̀ kí wọ́n kọ́ dáàmù sórí odò àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí a má bẹ̀rù kò mọ ohun tó ń sọ. Ìdí tí mo fi ń wá ẹgbẹ́ dípò kí n máa dá a ṣe nìyẹn. Ìwọ́de tó ní ohun pàtó tó ń béèrè dára, èmi náà á jáde. Ẹni tí kò lè jáde, kó kọ lẹ́tà. Ẹni tí kò lè kọ̀wé, kó kan ilẹ̀kùn. Ẹ má jẹ́ ká máa bára wa jà lórí èyí tó dára jù, nítorí ó ti ń rẹ̀ wá tẹ́lẹ̀.

Ó ń rẹ èmi náà. Àwọn alẹ́ kan wà tí mo bá gbọ́ tí òjò kọ́kọ́ kan páànù, mo máa ń dìde jókòó. Mi ò ní sùn mọ́ títí á fi dá. Ọmọ mi náà ti ń dìde báyìí, òun ló ń gbé àpò ìwé rẹ̀ lé orí tábìlì kí n tó sọ fún un. Ó ń dùn mí pé ó ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo ti ra ìwé kan, mo kọ orúkọ àwọn àgbà tó ń dá gbé sí ojú ewé àkọ́kọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà ilé wọn. Mẹ́sàn-án ni mo mọ̀. Ó dá mi lójú pé wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màá mú ìwé náà wá sípàdé tó ń bọ̀, màá sì gbé e sórí tábìlì akọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá mọ ẹ̀kẹwàá wá kọ ọ́ sí i.

Èmi ni tiyín,
Ayálégbé ilé tó kángun sí gọ́tà